Owó-orí, ìbò àti owó-ẹ̀yìn: ta ló lágbára láti dín ohun tí ará Ìbàdàn ń san kù?

Bí ìdìbò 2027 ṣe ń súnmọ́, ọ̀rọ̀ owó-orí ti padà sẹ́nu ará Ìbàdàn. Ẹnìkan á ní ìjọba ti fagi lé owó-orí mẹ̀kúnnù. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, wọ́n fẹ́ máa yọ ọ́ tààrà nínú àkáǹtì báǹkì ni. Olóṣèlú tó ń wá ìbò á dé inú ọjà, á nawọ́ sókè, á ní bí òun bá wọlé, tíkẹ́ẹ̀tì parí. Ọ̀tọ̀ ni owó tí kálukú wọn ń sọ, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pè é. Lẹ́nu wa, "owó-orí" ni ohun tí Àbújá ń ṣòfin lé lórí, òun náà ni èyí tí Sẹkitéríàtì Agódi, ibùjókòó ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ń gbà, òun náà sì ni tíkẹ́ẹ̀tì tí ọmọ káńsù ń já fún alátà. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń wọlé.

Kí ló yí padà gan-an?

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin mẹ́rin lórí owó-orí, lẹ́yìn àbá tí ìgbìmọ̀ ààrẹ lórí àtúnṣe owó-orí, tí Táíwò Oyèdélé darí, gbé kalẹ̀. Èyí tó kan àpò aráàlú jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìíní, 2026. Àsìkò yẹn náà ni orúkọ FIRS, àjọ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀ tá a mọ̀, di NRS.

Ohun tó mú ariwo wá jù ni ₦800,000. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju iye yẹn lọ kò ní san owó-orí lórí rẹ̀. Fún ẹni tó jù bẹ́ẹ̀, orí èyí tó lé ni wọ́n á ti máa ṣírò: ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀lé e, ó sì ń gòkè títí dé ìdá 25 lórí owó tó bá kọjá ₦50 mílíọ̀nù. Nínú òfin àtijọ́, ìdá 7 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ìdá 24 sì ni òpin.

Ẹ jẹ́ ká fi owó gidi yẹ̀ ẹ́ wò. Òṣìṣẹ́ kan ń gba ₦100,000 lóṣù nílé-iṣẹ́ aládàáni, ó sì ń san ₦350,000 lọ́dún fún ilé tó ń gbé l'Ódo-Ọnà. Owó ọdún rẹ̀ jẹ́ ₦1.2 mílíọ̀nù. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 8, ìyẹn ₦96,000. Wọ́n á yọ ìdá 20 nínú owó ilé tó san, ₦70,000. Ó ku ₦1,034,000. Tí a bá yọ ₦800,000 tí kò lówó-orí kúrò, orí ₦234,000 ni wọ́n á ti gba ìdá 15, ìyẹn ₦35,100 lọ́dún, tàbí ₦2,925 lóṣù. Òfin àtijọ́ ì bá gba ₦66,480 lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹ kíyè sí i pé owó ilé tí wọ́n lè yọ fún èèyàn kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ, èèyàn sì ní láti fi ẹ̀rí hàn pé òun sanwó ilé. N'Ìbàdàn tí ọ̀pọ̀ onílé ti ń gba owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé láì já rìsíìtì, iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀.

Ní ti oníṣòwò, kọ́ńpìnnì kékeré tí owó ọjà tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù lọ, kò ní san owó-orí kọ́ńpìnnì. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ èyí, wọ́n rò pé àwọn ló kàn. Ẹni tó ń tajà ní Ògùnpa tàbí Gbági tí kò ṣe ju kó forúkọ ìṣòwò sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe kọ́ńpìnnì lójú òfin. Òṣùwọ̀n ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ₦800,000, ni wọ́n á fi wọ̀n ọ́n. VAT, owó-orí tó wà lórí ọjà, kò kúrò ní ìdá 7.5, oúnjẹ àti oògùn kò sì ní in lórí.

Ti báǹkì ńkọ́? Òfin náà fẹ́ kí ẹni tó yẹ kó san owó-orí ní nọ́ńbà owó-orí, NIN sì ni wọ́n ń lò fún un. Kò sí ibi tó ti ní kí wọ́n kàn dédé máa yọ owó lọ́wọ́ oníbàárà torí pé ẹnìkan fi owó ránṣẹ́ sí i. Gbèsè tí wọ́n ti ṣírò, tí wọ́n ti kọ̀wé nípa rẹ̀, tí àsìkò àtakò rẹ̀ sì ti kọjá, ìyẹn ni wọ́n lè gbé dé báǹkì.

Ṣé gómìnà lè dín owó-orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi?

Kò lè ṣe é. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 fi òfin ṣíṣe lórí owó-orí owó tó ń wọlé sọ́wọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ nìkan. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gbà á, kò lè yí ìdá rẹ̀ padà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń gba ti olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí nọ́ọ̀sì ní UCH, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló ń san owó oṣù wọn, torí pé ibi téèyàn ń gbé ni owó-orí rẹ̀ ń lọ. Olùdíje sípò gómìnà tó bá wá ń ṣèlérí pé òun máa gé PAYE, owó-orí inú owó oṣù, kù, ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń fi tọrọ ìbò.

Ohun tó wà lọ́wọ́ gómìnà kò kéré, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀: owó ilẹ̀, owó ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀, owó tí ilé ìtajà ń san lọ́dún, owó ọkọ̀, àti oríṣiríṣi owó tí àjọ ìpínlẹ̀ ń gbà. Ó lè gbé àbá lọ sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ kí wọ́n dín wọn kù. Ó tún lè dárí owó ìtanràn ji àwọn tó jẹ gbèsè, tí wọ́n bá tètè wá san ojúlówó owó náà.

Ti káńsù ni ọjà, gáréèjì, àti, bí ìwé òfin ṣe kọ ọ́ ní tààrà, ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọlanke tí ọmọkùnrin kan ń tì ní Bódìjà wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà.

Òfin kan wà láti 1998 tó to orúkọ owó tí ìpele ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà. Owó ìdàgbàsókè tó wà fún ìpínlẹ̀ nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ₦100 lọ lọ́dún fún ẹnìkan. Òfin yìí kan náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìdènà sójú títì nítorí owó-orí, ó sì ní kí ẹni tó bá gba owó tí kò sí nínú ìwé san ₦50,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Ẹni tó bá ti wa Micra láti Ìwó Róòdù dé Òjóò mọ bí òfin yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ tó.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ń gbóná n'Ìbàdàn?

Ó ti pẹ́. Láàárín ọdún 1952 sí 1954, ìjọba Action Group ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bu owó lé owó-orí láti fi gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìlera. Ilé-ìwé kò tíì dé, owó ti ń lọ, inú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò dùn sí i. Nínú ìdìbò àpapọ̀ 1954, ẹgbẹ́ alátakò NCNC na Action Group ní Ìwọ̀ Oòrùn níbi tó ti ń ṣèjọba. N'Ìbàdàn, lọ́dún yẹn kan náà, Adégòkè Adélabú, Pẹnkẹlẹmẹ̀sì, àti ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ rẹ̀ gba káńsù. Ẹ̀hónú lórí owó-orí wà nínú ohun tó gbé wọn wọlé.

Kò pẹ́ tí àwọn tó gbógun ti owó-orí náà fi di ẹni tí wọ́n ń yẹ ìwé owó wọn wò. Ní 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní kí ìgbìmọ̀ E. W. J. Nicholson wádìí bí Káńsù Ìbàdàn ṣe ń ná owó àti bó ṣe ń gbé kọngilá jáde. Àbọ̀ ìwádìí náà dá Adélabú lẹ́bi ìwà àjẹbánu, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1956, wọ́n sì tú káńsù ká. Àwọn èèyàn rẹ̀ ní ìṣèlú lásán ni, torí pé ìjọba ẹgbẹ́ tó ń bá a jà ló gbé ìwádìí náà kalẹ̀; ìbò tí wọ́n sì dì fún un lẹ́yìn rẹ̀ kò dín. Ohun méjèèjì ló wà nínú ìtàn yẹn, àwọn tó ń ṣàríyànjiyàn lónìí sì máa ń mú ọ̀kan, wọ́n á fi èkejì sílẹ̀.

Àgbẹ́kọ̀yà wá dé ní 1968. Ìyẹn kì í ṣe ti ìbò, ìjọba ológun ló wà lórí àlééfà, Adéyínká Adébáyọ̀ ni gómìnà. Owó kòkó ti wálẹ̀. Wọ́n ní kí àgbẹ̀ máa san pọ́ùn 8 lọ́dún, àwọn agbowó-orí sì ń lé èèyàn wọ igbó. Àwọn àgbẹ̀ ní òkè mẹ́fà làwọn ó san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Ìjà náà dé Mápó, ó dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Agódi, Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ sì bá a lọ ní 1969. Awólọ́wọ̀ ló wá lọ bá Táfà Adéoyè sọ̀rọ̀ ní Àkànrán. Ìjọba mú owó-orí wá sí pọ́ùn 2, wọ́n sì dáwọ́ lílé èèyàn kiri dúró. Láti ìgbà yẹn, kò sí olóṣèlú tó mọ Ìbàdàn tó máa fọ̀rọ̀ owó-orí ṣeré bí ìbò bá ku fẹ́ẹ́fẹ́.

Ìbàdàn nìkan kọ́. Láti 1975 ni William Nordhaus, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé pé ìjọba máa ń fi àdídùn ṣáájú ìbò, kó tó gbé èyí tó korò wá lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn ti fi ìwé owó oríṣiríṣi ilẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn rẹ̀.

Níbo ni àjẹbánu ti wọ ọ̀rọ̀ náà?

Ọ̀nà tó rọrùn láti rí ni tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwé òfin ní gbogbo owó tó bá wọlé fún ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ àpò kan ṣoṣo, kí ilé aṣòfin tó fọwọ́ sí bí wọ́n á ṣe ná an. Owó tí wọ́n ń fọwọ́ gbà ní ẹnu ọjà kì í sábà rìn lọ́nà yẹn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé ẹnìkan á gba iṣẹ́ ìgbowó, á ṣèlérí iye kan fún àwọn tó gbé e fún un. Èyí tó bá lé, tirẹ̀ ni. Iṣẹ́ tó dáa báyìí kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò lẹ́gbẹ́. Bí ìbò bá dé, ẹni tó ń jẹ níbẹ̀ ló ní ọmọọṣẹ́ tó lè kó jáde, òun ló lówó tó lè ná. Ìdí nìyẹn tí ìlérí "tíkẹ́ẹ̀tì parí" fi ṣòroó mú ṣẹ: àwọn tó máa pàdánù rẹ̀ ló ń gbé àsíá ẹgbẹ́ kiri.

Gáréèjì jẹ́ àpẹẹrẹ tó hàn kedere. Nígbà tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé wọlé ní 2019, ó fòfin de ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW ní ìpínlẹ̀ náà lẹ́yìn ìjà. Ìjọba gbé PMS, ètò ìṣàkóso gáréèjì, kalẹ̀ láti máa bójú tó wọn kí owó ibẹ̀ lè máa wọlé fún ìpínlẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2023, bó ṣe búra fún sáà kejì, ó tú ìgbìmọ̀ tó ń darí PMS ká. Àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba ní ètò náà dín ìjà ìgboro kù, ó sì mú owó jáde láti inú òkùnkùn. Àwọn alátakò ní wọ́n kàn yí orúkọ padà ni, pé àwọn tó ń gba owó náà ló tún ń ṣiṣẹ́ ìbò.

Ọ̀nà kejì kò hàn sójú títì. Ìdáríjì owó-orí fún kọ́ńpìnnì ńlá ni. Títí di òpin 2025, ìjọba lè sọ pé ilé-iṣẹ́ kan kò ní san owó-orí fún ọdún mélòó kan torí pé ó máa gba èèyàn síṣẹ́. Òfin 1971 ló fàyè gba irú rẹ̀, kí òfin tuntun tó fi ẹ̀dínwó owó-orí rọ́pò rẹ̀ ní 2026. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni bóyá ẹni tí wọ́n dárí jì kò ní fi owó ṣọwọ́ sí ẹni tó dárí jì í nígbà ìpolongo. Òfin kọ́ńpìnnì ti 2020 kò gbà kí kọ́ńpìnnì kankan ta ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́rẹ owó, ì báà ṣe ní kọ̀rọ̀. Nígbà ìdìbò 2023, Òfin Ìdìbò 2022 ní ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ fún olùdíje ní ju ₦50 mílíọ̀nù lọ, olùdíje sípò gómìnà kò sì gbọ́dọ̀ ná ju ₦1 bílíọ̀nù. Ẹ wo pátákó ìpolongo láti Mokola dé Challenge, kí ẹ ṣírò ọ̀rọ̀ yẹn fúnra yín.

Owó-orí tún ṣeé fi halẹ̀. Ẹ̀sùn tí ẹgbẹ́ tí kò sí nípò máa ń fi kan èyí tó wà nípò, orúkọ ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́, ni pé ilé ìtura tàbí ilé epo alátakò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tì pa nítorí gbèsè.

Ṣé ìlérí pé owó-orí máa dín kù jẹ́ rìbá ìbò?

Lójú òfin, rárá. Òfin Ìdìbò 2022 tí wọ́n fi dìbò 2023 ní ẹni tó bá fún èèyàn lówó tàbí nǹkan mìíràn kó lè dìbò fún ẹnìkan ti dẹ́ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gbà á. Ìjìyà rẹ̀ nínú òfin yẹn tó ₦500,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì. Ìyẹn ni "dìbò kóo sebẹ̀" tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ láti ìgbà ìdìbò gómìnà Èkìtì ní 2018. Ìlérí tó kan gbogbo aráàlú, tó máa gba ilé aṣòfin kọjá, ètò ìṣèjọba ni wọ́n kà á sí.

Ibi tó ti ń ṣòro ni àárín méjèèjì. Ká ní olùdíje kan fi owó ara rẹ̀ san tíkẹ́ẹ̀tì oṣù mẹ́ta fún àwọn ìyálọ́jà ọjà kan ṣoṣo, ó ti ń súnmọ́ rìbá gan-an. Ká ní alága káńsù tó wà lórí oyè ní kí wọ́n má gba owó ọjà títí ìbò á fi kọjá, láìsí ìwé, láìsí ìpinnu káńsù ńkọ́? Àwọn kan ní àánú ni. Àwọn amòfin mìíràn ní owó ìlú ló fi ń ra ìbò, pé ó wọ abẹ́ òfin ICPC, àjọ tó ń gbógun ti àjẹbánu, lórí ṣíṣi agbára lò. Ohun tí wọ́n máa ń wò ni bóyá ó wà lákọsílẹ̀, bóyá gbogbo ẹni tó wà ní irú ipò kan náà ló kàn, àti bóyá ó ní ọjọ́ tó máa parí. Ìdáríjì tó bá máa kú ní ọjọ́ kejì ìbò ti sọ ohun tó wá fún.

Kí ni ìjọba ń sọ, kí ni àwọn alátakò ń sọ?

Ìjọba àpapọ̀ ní òfin tuntun kò ní í ṣe pẹ̀lú ìbò: oṣù Kẹwàá 2024 ni wọ́n ti gbé àbá náà lọ sílé aṣòfin, ó sì yẹ kí ẹrù kúrò lórí mẹ̀kúnnù. Àwọn alátakò ní ẹni tó ń gba ₦66,000 lóṣù kò ju kó máa sá fún owó-orí tí ẹnikẹ́ni kì í gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé owó epo àti oúnjẹ ti jẹ èrè náà tán kó tó dé. Láti Àríwá, ìjà ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ jà. Àwọn gómìnà ibẹ̀ ta ko bí wọ́n ṣe fẹ́ pín VAT, torí wọ́n ní Èkó ló máa jèrè. Oṣù Kìíní 2025 ni ẹgbẹ́ àwọn gómìnà fẹnu kò: ìdajì ti àwọn ìpínlẹ̀ á jẹ́ ọgbọọgba, ìdá 30 á tẹ̀lé ibi tí wọ́n ti ra ọjà, ìdá 20 á tẹ̀lé iye èèyàn.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá 2025, ọ̀rọ̀ tún dé. Aṣojú-ṣòfin Abdussamad Dasuki ní ìwé òfin tí wọ́n tẹ̀ jáde yàtọ̀ sí èyí tí ilé fọwọ́ sí. Ilé aṣòfin ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ẹ̀dà òfin náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní láti mọ èwo nínú méjèèjì ló ń kà.

Tí wọ́n bá dín in kù, ta ló máa dí àlàfo náà?

Apá yìí ni olóṣèlú kì í sábà sọ. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní oṣù Karùn-ún 2023, tí náírà sì ti já bọ́, owó tí ìpínlẹ̀ ń gbà láti Àbújá lóṣooṣù ti gòkè gan-an. Òfin tuntun tún fún àwọn ìpínlẹ̀ ní ìdá 55 nínú VAT, káńsù ní ìdá 35. Nítorí náà, gómìnà tó bá dá owó kan dúró lónìí lè má rí ihò náà nínú ìwé owó rẹ̀. Ọwọ́ tó ń ra epo àti ọjà ló ti san án ṣáájú. Bí owó Àbújá bá wálẹ̀ lẹ́yìn ìbò, ohun tí ìpínlẹ̀ máa ń yíjú sí náà ni tíkẹ́ẹ̀tì, owó ilẹ̀ àti owó ilé ìtajà.

Tí wọ́n bá já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi lónìí ńkọ́?

Ìlérí olóṣèlú kì í pa òfin rẹ́. Títí ìwé máa fi jáde, owó tó wà lábẹ́ òfin ṣì wà. Èèyàn lè béèrè orúkọ owó náà, ìpele ìjọba tó ń gbà á, àti àkáǹtì tó yẹ kó san án sí. Òfin tuntun ti dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tó ń gba ẹ̀sùn aráàlú lórí owó-orí, ilé ẹjọ́ owó-orí sì wà fún ẹni tí ìṣírò kò bá tẹ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní nọ́ńbà, tí kò ní orúkọ káńsù, tí wọ́n kàn fi bírò kọ iye sí, kò lè jẹ́rìí fún ẹni tó san án.